Erlang, ọkùnrin tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń wọn èrò orí wáyà

Ẹni tó bá ń wo fíìmù lórí fóònù ní Àkúrẹ́ tàbí nílùú Oǹdó mọ ìyà yìí: àwòrán á dúró gbagidi, nǹkan róbótó á máa yí, sùúrù á sì tán. Kí onímọ̀ tó mọ ibi tí ìdíwọ́ wà, ó ní láti wọn èrò tó wà lójú ọ̀nà. Agner Krarup Erlang ló la ọ̀nà ìwọ̀n yìí.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1878 ni wọ́n bí i ní Lønborg, lórílẹ̀-èdè Denmark. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ṣe tíṣà kó tó wọ iléeṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen lọ́dún 1908. Nígbà tí kò tíì ní olùrànlọ́wọ́, ìgboro ni wọ́n ti ń rí i, òun àti òṣìṣẹ́ kan tó gbé àkàsọ̀, tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ sínú ihò wáyà láti lọ wọ̀n ọ́n.

Wáyà mélòó ló tó ìlú kan? Tó bá pọ̀ jù, owó ṣòfò. Tó bá kéré jù, ará ìlú ò ráyè pè. Lọ́dún 1917, ó gbé ìṣirò tó dáhùn ìbéèrè yìí jáde. Ìmọ̀ yìí jẹ́ ká rí i pé bí ọ̀nà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹrù kékeré kan ló máa sọ ìdúró di gígùn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ kàn wá. Ẹni tó ń ka ọkọ̀ l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́, tó bá ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró kó tó kọ nọ́ńbà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti di gosiló. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì: yíyẹ ẹrù wò ń gba agbára. Ó lè máà hàn láàárọ̀ kùtù, kó sì dá fíìmù dúró lálẹ́ tí èrò pọ̀. Ẹ ṣí fíìmù kan náà láìsí ètò ọ̀hún, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tó dúró. Ẹ wá tan ètò náà, kẹ́ ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹrù tí ìṣọ́ náà gbé wá.

Erlang ò fẹ́yàwó, ṣùgbọ́n àwọn aláìní mọ ọ́fíìsì rẹ̀ dáadáa; ó máa ń fún wọn láìpariwo. Ó kú lọ́jọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 1929, lẹ́ni ọdún 51. Lọ́dún 1946, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n èrò orí wáyà: wáyà kan tí ọwọ́ rẹ̀ dí fún odidi wákàtí kan, erlang kan nìyẹn.