Ìyáàfin Margaret Huggins àti Ìràwọ̀ Mẹ́rin

Dublin ni a ti bí i ní ọdún 1848. Awòràwọ̀ William Huggins fi í ṣe aya ní 1875, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní Tulse Hill, Lọ́ńdọ̀nù.

Ní alẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ó bá gbójú sókè l'Ọ̀rà yóò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò gbọọrọ. Nítòsí wọn ni ìkùukùu Orion wà, ìràwọ̀ mẹ́rin sì ṣù jọ sí àárín rẹ̀. Ǹjẹ́ inú ìkùukùu náà ni wọ́n wà ní tòótọ́, àbí iwájú rẹ̀ lásán? Tọkọtaya yìí fi ẹ̀rọ spectroscope tú ìmọ́lẹ̀ wọn sí àwọ̀-àwọ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Àwọn ìlà kan lára ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà nà wọ inú ti ìkùukùu. Wọ́n gbà pé wọ́n so pọ̀ ni. Ìwé tí wọ́n fi ròyìn rẹ̀ ní 1889 gbé orúkọ Margaret lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ lásán. Ó kú ní 1915.