Àjàyí Ará Òṣoògùn: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Ẹ̀rù Ń Bà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti rò rí pé ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í bẹ̀rù. Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni ó là mí lójú.

Ní 1821 ni ogun kó ìlú Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Àjàyí tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ Àfàlá, àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tí ó yá, wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n ti fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì tún ń tà á láti ọjà dé ọjà. Ẹ̀rù àtibọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ fi ìgbànú fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

Ní Èkó, ohun tí ó ń bẹ̀rù dé bá a. Ní 1822 àwọn Potogí kó òun àti àwọn ẹrú mìíràn, 187 lápapọ̀, sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà. Ìgbàlà dé, Àjàyí kò sì mọ̀. Nínú ọkọ̀ ogun náà, àwọn ọmọdé rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀, wọ́n ṣe bí ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n ṣe bí orí ènìyàn ni. Ìgbà tí wọ́n wò ó dáadáa ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Ọwọ́ tí ó yọ wọ́n nínú ewu gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù!

Ní Sàró ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nínú lẹ́tà kan ní 1837, ó ka ọjọ́ tí wọ́n kó o lẹ́rú sí ọjọ́ ìbànújẹ́ àti ọjọ́ ìbùkún pọ̀. Èmi kò sọ pé òwò ẹrú dára, ibi ni. Ṣùgbọ́n ibi náà kò ju agbára Ọlọ́run lọ.

Lẹ́yìn tí ó di àlùfáà ní 1843, ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà sì dí. Ó dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ó ń wàásù, ó ń túmọ̀ Bíbélì. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá tí kò rí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá bá a. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì ń jẹ́ Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ní 1864 Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1891.

Ẹ rò ó wò: bí ìgbànú òru ọjọ́ náà bá ti ṣiṣẹ́, ta ni ìbá pàdé Àfàlá? Àjàyí kò tilẹ̀ tí ì mọ bí a ti ń ké pe Ọlọ́run tí ó dì í mú. Nítorí náà, ìwọ tí ọ̀la ń bà lẹ́rù, má ṣe rò pé ìbẹ̀rù rẹ ti lé Ọlọ́run lọ. Sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ, sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.