Délé Gíwá, Ọmọ Alágbàfọ̀ Odùduwà College



Tí a bá ń ka àwọn èèyàn ńlá tó jáde láti Ifẹ̀, a sábà máa ń fo Délé Gíwá. Wọ́n á ní ọmọ Ugbekpe-Ekperi ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Òótọ́ ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 1947, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láàfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ó lọ sí modern school ní Lágéré. Nígbà tí bàbá rẹ̀ di alágbàfọ̀ ní Odùduwà College, òun náà wọlé síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jáde nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ó gba Amẹ́ríkà lọ, ó kàwé ní Brooklyn College, ó sì ṣiṣẹ́ ní New York Times. Nígbà tó padà dé, ó wà ní Daily Times kó tó di olóòtú Sunday Concord, ìwé ìròyìn Abíọ́lá. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, òun, Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed gbé Newswatch jáde, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó máa ń tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, ayé ológun ni o.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe kú. Ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pè é, wọ́n fi ẹ̀sùn pé ó fẹ́ kó ìbọn wọ̀lú kàn án. Ẹ̀rù bà á, ó sáré lọ bá Gani Fáwẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò rẹ̀. Nígbà tó di Sunday, ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1986, òun àti Káyọ̀dé Ṣóyínká, aṣojú Newswatch ní London, jọ ń jẹun àárọ̀ nílé rẹ̀ ní Talabi Street, Ìkẹjà. Wọ́n gbé ìwé kan wá sẹ́nu géètì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbà á wọlé fún un. Àwọn tó rí i ní àmì ìjọba wà lára rẹ̀. Bó ṣe ń ṣí i lórí itan ni bọ́ǹbù bú gbàù. Ṣóyínká yè é. Délé kú lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún 39 péré.

Gani ò sùn. Ó ní kí wọ́n gbé àwọn ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì lọ sílé ẹjọ́, tí ìjọba ò bá sì ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é fúnra òun. Àwọn yẹn ní ọwọ́ àwọn mọ́. Ó bá ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó sì jàre níbẹ̀ ní 1987, pé ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìdájọ́ lórí ẹ̀mí tó sọnù. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba ti Newswatch pa fún oṣù mẹ́fà. Gani kú ní 2009, ilé ẹjọ́ kan ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Oputa jókòó ní 2001, wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gágun Babangida, olórí ìjọba ìgbà náà. Kò yọjú, ilé ẹjọ́ ló gbà lọ. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n tún ìwádìí ṣí. Ta ló ṣí i?

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí a ò mọ ẹni tó pa á, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ìjọba tó yẹ kó wádìí ni wọ́n ń fẹ́ bi léèrè, ìyẹn ni ìwádìí ò fi rìn. Ológun lọ, alágbádá dé, kò sí èyí tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, lórí ẹjọ́ tí Media Rights Agenda pè, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá pàṣẹ pé kí ìjọba wádìí ikú àwọn akọ̀ròyìn, kí wọ́n sì fìyà jẹ àwọn tó ṣe é. Orúkọ Délé Gíwá wà níbẹ̀. Àwọn aṣòfin wa kì í pàdánù ìpàdé wa tí ìbò bá ti sún mọ́lé. Tí wọ́n bá tún wá, ẹ bi wọ́n ibi tí ìwádìí náà dé.