Fábùnmi Òkèmẹ̀sí: Òǹtẹ̀ kọ́ ló sọ wá di Èkìtì

Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ òfin, wọ́n ní kí n mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Mo gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Bàbá tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé agboolé wo ni mo ti wá, mo dáhùn. Ó tún bi mí pé ta ni Fábùnmi. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ fún mi, àmọ́ ó ní bébà lásán nìyẹn o. Ojú tì mí. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n wádìí ọkùnrin náà.

Ọmọ ọba ni Fábùnmi, ará Òkèmẹ̀sí, ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìmẹ̀sí Igbódò láyé ìgbà náà. Nígbà ayé rẹ̀, Ìbàdàn ló ń pàṣẹ fún púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkìtì. Ọba wà lórí ìtẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló láṣẹ. Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, wọn a wọlé onílé, wọn a mú ohun tó bá wù wọ́n. Ta lo fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn?

Lọ́dún 1878, nǹkan bẹ́. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé níbi ọdún kan, ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ pa ìyàwó Fábùnmi lára. Fábùnmi yọ àdá. Kí ariwo tó rọlẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́, ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ò sì yè é. Ìròyìn tàn káàkiri, àwọn ìlú Èkìtì mìíràn náà dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Báyìí ni Èkìtìparapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, tí Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá sì dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ká má parọ́, èmi tí mo kọ́ òfin ò lè pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ò ti ní ilé ẹjọ́ kankan tó lè lọ.

Fábùnmi ló kọ́kọ́ ṣíwájú ogun. Nígbà tí Ògèdèǹgbé Iléṣà dé, ó gbà kó ṣe olórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣèlú wa, ẹ mọ̀ pé ìyẹn ò kéré. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn ni wọ́n sọ pé ó bí orúkọ Kírìjì. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ogun lọ́dún 1885, kò rí òpin rẹ̀.

Lóṣù kẹfà ọdún 1886, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń ṣe alárinà láàárín ibùdó méjèèjì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ogun tú ká. Àdéhùn náà sọ pé Èkìtìparapọ̀ dá dúró láyè ara wọn. Ajerò ti Ìjerò wà lára àwọn ọba tí wọ́n kà mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Moloney, gómìnà Èkó, kọ́ ló fún Èkìtì lómìnira. Ohun tí àwọn èèyàn ti fi ọdún mẹ́jọ dì mú ni ìwé yẹn wulẹ̀ fọwọ́ sí. Ìwé kan náà ló fi Ìgbájọ, Ìrèsì, Àdá àti Ọ̀tan sílẹ̀ fún Ìbàdàn, tó ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí òyìnbó fi di ọ̀gá lórí Èkìtì àti Ìbàdàn lápapọ̀. Ẹni tó lu òǹtẹ̀ fún ọ lónìí lè gbà á padà lọ́la.

Lóòótọ́, òǹtẹ̀ wúlò. Látọdún 1979 ni òfin ti wà tí ìjọba àpapọ̀ lè fi kéde ibi ìtàn pé ó di ohun ìní orílẹ̀-èdè. Ó wù mí kí wọ́n lò ó fún gbogbo ojú ogun Kírìjì. Èkìtì di ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, èyí náà dára. Àmọ́ bí ìjọba bá kéde lọ́la, tí àwa ọmọ onílé ò mọ ohun tí wọ́n kéde, kí la jèrè?

Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ọdún tẹ́ ẹ bá padà dé Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, Arámọkọ tàbí Òkèmẹ̀sí, ẹ jókòó ti màmá àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè nípa agboolé yín, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọn ò ní dúró dè wá títí láé.

Ó wù mí kí n padà sí ọ́fíìsì yẹn. Bí bàbá bá ṣì wà níbẹ̀, mo ti ní èsì fún un.