HIRAQLU, ỌBA RÚÚMÙ: ẸNI TÍ Ó ṢẸ́GUN TÍ KÒ JÈRÈ OGUN

Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́run Allah, Ọba tí ìjọba Rẹ̀ kò lópin. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka Suuratu Ruumu ní ilé kéú láì bèèrè ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ Rúúmù nígbà tí suura náà sọ̀ kalẹ̀. Heraclius ni orúkọ rẹ̀, Hiraqlu ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí, nítorí pé ó fi hàn wá bí ìfigagbága àwọn ìjọba ńlá ṣe ń di ogun àjàkú akátá, àti bí ẹni tí ó ṣẹ́gun pàápàá ṣe lè pàdánù.

Kí a tó bí Hiraqlu ni ìjà ti wà nílẹ̀. Ìjọba Rúúmù ni ó ni Ṣámù, Mísírà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí àti etí òkun àríwá Áfíríkà. Constantinople, èyí tí ó di Istanbul, ni olú-ìlú wọn, ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n sì ń ṣe. Ìjọba Páṣíà ni ó ni Ìráànì àti Ìráàkì. Kisra ni àwọn Lárúbáwá ń pe ọba wọn, Madáínì tí ó wà lẹ́bàá odò Tigris ni ó ń gbé, iná ni wọ́n sì ń bọ. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Àwọn méjèèjì ń jà lórí ilẹ̀ Àméníà, wọ́n ń jà lórí àwọn ìlú olódi tí ó wà ní ààlà, wọ́n sì ń jà lórí ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbé aṣọ ṣẹ́dà gbà láti Ṣáínà. Kódà, oníkálukú wọn ní ẹ̀yà Lárúbáwá tí ó ń bá a jagun: Gassan wà lẹ́yìn Rúúmù, Lakmu wà lẹ́yìn Páṣíà. Ní ọdún 532 wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú kan tí wọ́n pè ní àlàáfíà tí kò lópin. Ọdún 8 péré ni ó lò tí Páṣíà fi dà á ní 540.

Nǹkan bí ọdún 575 ni wọ́n bí Hiraqlu. Ọ̀gágun ni bàbá rẹ̀, ó ti bá Páṣíà jà rí, kí ó tó di gómìnà ìjọba Rúúmù ní Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ohun tí ó dáná ogun ńlá yìí ṣẹlẹ̀.

Ohun náà rèé. Ọ̀gágun kan lé Kisra Khosrow Kejì kúrò lórí ìtẹ́, ó sì sá tọ Maurice ọba Rúúmù lọ. Maurice fún un ní ọmọ ogun, ó gbà á padà sórí oyè ní ọdún 591, Kisra náà sì fi apá kan Àméníà àti àwọn ìlú ààlà kan san oore. Ìgbà náà ni ara tu tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 602, àwọn ọmọ ogun Rúúmù dìtẹ̀, wọ́n fi Phocas jọba, wọ́n sì pa Maurice pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Kisra ní òun yóò gbẹ̀san olóore òun. Ẹ̀san ni ó fi bojú, ilẹ̀ tí ó ti fi sílẹ̀ ni ó ń wá. Báyìí ni ogun ọdún 26 ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 608 bàbá Hiraqlu kọ̀yìn sí Phocas. Ní 610 Hiraqlu kó ọkọ̀ ojú omi gba orí òkun lọ sí olú-ìlú. Wọ́n pa Phocas, wọ́n sì fi Hiraqlu jọba ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Ọdún 610 yìí kan náà ni ìmísí bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) nínú ihò Hírà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Ẹni tí ó pa Maurice ti kú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀san ni ogun yìí wà fún lóòótọ́, ó yẹ kí ó parí. Hiraqlu rán ikọ̀ lọ láti tọrọ àlàáfíà, ṣùgbọ́n Kisra kò gbà. Ó rí i pé ọwọ́ òun ń lé. Ìdí ogun ti tán, ogun kò tán.

Páṣíà gba Damásíkù ní 613. Ní 614 wọ́n gba Bàítúl Mùkáddásì, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó igi tí àwọn Kristẹni gbà pé ó jẹ́ àgbélébùú Jésù lọ sí Páṣíà. Ní 619 Alẹkisáńdíríà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọkà tí ó ń ti Mísírà wá sì dúró. Hiraqlu dín owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù sí ìdajì, ó dá búrẹ́dì ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń pín fún àwọn ará ìlú dúró, ó tilẹ̀ fẹ́ gbé ìtẹ́ rẹ̀ padà sí Carthage kí olórí àlùfáà tó fi ìbúra dá a dúró.

Ní àkókò yìí ni àwọn ọlọ́ṣà Mẹ́kà ń yọ̀. Wọ́n ní bí àwọn abọná ṣe borí àwọn tí ó ní ìwé sánmọ̀ ni àwọn náà yóò ṣe borí àwọn Mùsùlùmí. Nígbà náà ni Suuratu Ruumu sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi yé àwọn onígbàgbọ́ pé Rúúmù tí wọ́n ṣẹ́gun yìí yóò ṣẹ́gun láàárín ọdún mélòó kan tí kò ní pé 10. Ẹ̀rín ni àwọn Kùráyṣì fi í rín. Ìtàn fi yé wa pé Àbúbákàrì (kí Ọlọ́run yọ́nú sí i) bá ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ta ràkúnmí lé e lórí, kí òfin tó sọ tẹ́tẹ́ di èèwọ̀.

Ní ọdún 622, ọdún tí Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, Hiraqlu yá wúrà àti fàdákà inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi rọ owó, ó kó ogun jọ, ó sì ṣíwájú wọn fúnra rẹ̀. Kò lọ sí Ṣámù tàbí Mísírà. Àméníà ni ó gbà wọ inú ilẹ̀ Páṣíà, ó sì wó ilé ìbọná ńlá wọn láti fi gbẹ̀san Bàítúl Mùkáddásì. Ní 626 àwọn Avar àti àwọn ará Páṣíà pawọ́ pọ̀ dó ti Constantinople, wọn kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 627, ó ṣẹ́gun Páṣíà nítòsí Nínéfè, ní ẹ̀bá Mosul ti òde òní. Ó tún fi àlàáfíà lọ Kisra. Kisra tún kọ̀, bí ilé tilẹ̀ ti ń jó lé e lórí. Ní oṣù kejì ọdún 628 àwọn ìjòyè rẹ̀ mú un, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ jọba, wọ́n sì pa á.

Ẹ wo ohun tí ogun náà bí: ààlà padà sí ibi tí ó wà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 602! Ọdún 26, àìmọye ẹ̀mí, ìlú tí ó jó, ìṣúra tí ó gbẹ, kò sí ẹni tí ó fi ilẹ̀ kan kún ilẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hudaybiyyah ní oṣù tí ó tẹ̀ lé ikú Kisra. Ànábì wa bá àwọn Kùráyṣì dá májẹ̀mú pé kò ní sí ogun fún ọdún 10. Májẹ̀mú náà korò lẹ́nu ọ̀pọ̀ sàábé, nítorí pé wọn yóò padà sílé lọ́dún náà láì ṣe Úmúrà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2, Mẹ́kà ṣí sílẹ̀ fún Mùsùlùmí láì sí ogun ńlá. Ẹni tí ó kọ àlàáfíà nígbà tí ó lágbára pàdánù ìtẹ́ àti ẹ̀mí. Ẹni tí ó gbà á rí ìṣẹ́gun.

Hiraqlu náà rí àǹfààní tirẹ̀. Dihya Al-Kalbi gbé ìwé Ànábì wá fún un, ó sì pe Abu Sufyan, tí kò tí ì gba Ìsìláàmù nígbà náà, ó bi í léèrè nípa ìran Ànábì, nípa òótọ́ ẹnu rẹ̀ àti irú àwọn tí ó ń tẹ̀ lé e. Hadíìsì fi yé wa pé ó dá òtítọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kí oyè má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó tẹ̀ lé e.

Oyè náà kò sì dúró bí ó ti fẹ́. Ní ọdún 636, ogun Mùsùlùmí tí Abu Ubaydah àti Khalid ọmọ Walid ṣíwájú rẹ̀ borí ogun Rúúmù ní Yarmuk. Ogun pẹ̀lú Páṣíà ti gba agbára, owó àti ọmọ ogun tí Rúúmù ì bá fi dúró. Hiraqlu dágbére fún Ṣámù tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún. Ní Páṣíà, ọba ń jẹ, ọba ń kú, títí tí wọ́n fi pa Yazdegerd, ọba ìkẹyìn, ní 651. Ìtàn sọ pé nígbà tí Hiraqlu ń padà sílé, ẹ̀rù omi ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi to ọkọ̀ pọ̀ bí afárá, wọ́n fi ewé bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó má baà rí òkun. Ẹni tí ó gba orí òkun wá jọba ni o! Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 641.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ayé kò yí padà púpọ̀. Ní ọdún 1914 wọ́n pa àrólé ọba Austria ní Sarajevo. Àwọn ìjọba ńlá Yúróòpù tí wọ́n ti pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, tí wọ́n ti ń to ìbọn jọ, fi ikú ẹnì kan dá ogun àgbáyé sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí ní 1918, ìjọba Austria, ti Rọ́ṣíà, ti Jámánì àti ti àwọn Ottoman ti wó tàbí wọ́n ń wó lọ. Bí ikú Maurice ṣe rí náà nìyẹn: iná kékeré ni, ṣùgbọ́n ìlara ti kó igi gbígbẹ jọ dè é.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ohun tí ó ba ìjọba jẹ́ lè ba ẹgbẹ́, ilé àti ọ̀rẹ́ jẹ́. Kí á má máa wá àlàáfíà kìkì nígbà tí ó bá rẹ̀ wá. Ìgbà tí ọwọ́ wa bá lé gan-an ni kí á gbà á.

Kí Ọlọ́run Allah fún wa ní òye láti kọ́gbọ́n lára àwọn tí ó ti kọjá lọ, kí Ó sì fi àlàáfíà jíǹkí ayé wa. Àmín.