Rachel Carson, Ọ̀rẹ́ Òkun (1907–1964)

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dárúkọ Rachel Carson fún yín nílé ìwé: obìnrin tó bá àwọn oníṣòwò oògùn apakòkòrò fà á. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí wọ́n máa ń fò.

Springdale, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1907. Ibẹ̀ jìnnà sí òkun. Nígbà tó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Under the Sea-Wind, jáde ní 1941. Àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí ni ẹyẹ etí òkun kan, ẹja kan bí irú èyí tí à ń pè ní Titus lọ́jà, àti ẹja mìíràn tó gùn bí ejò. Ẹ rántí Ìjàpá inú àlọ́: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Ẹranko Carson kì í sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá, ikú ni wọ́n ń sá fún, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni ẹ ó máa fi ojú ẹja wo omi.

The Sea Around Us (1951) tà púpọ̀, ó sì kọ́ ilé kékeré kan sí erékùṣù Southport, ní Maine. Ibẹ̀ ló ti pàdé aládùúgbò rẹ̀, Dorothy Freeman, ní 1953. Dorothy ní ọkọ. Rachel kò lọ́kọ rí. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, wọ́n á jọ lọ wo àwọn ohun abẹ̀mí tó lẹ̀ mọ́ àpáta. Bí wọ́n bá pínyà, lẹ́tà ló kù. Nígbà mìíràn, lẹ́tà méjì ló ń wà nínú àpò kan: ọ̀kan tí ará ilé lè gbọ́, ọ̀kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Wọ́n ba díẹ̀ jẹ́ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù di ìwé ní 1995. Àwọn kan ní ọ̀rẹ́ lásán ni. Lójú tèmi, ìfẹ́ ni, ó sì wọnú iṣẹ́ rẹ̀: Dorothy àti ọkọ rẹ̀ ló fi ìwé The Edge of the Sea (1955) dá lọ́lá.

Silent Spring jáde ní 1962. Bí àlọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlú kan tí ẹyẹ kò ti kọrin mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kó ẹ̀rí jọ lórí DDT. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn bú u gidigidi. Wọn kò mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọyàn ń bá a fínra. Ní 1972 ni ìjọba fòfin de lílo DDT lóko.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1963, òun àti Dorothy jókòó létí òkun ní Newagen, wọ́n ń wo àwọn labalábá tí ń ṣí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ náà ló kọ lẹ́tà sí Dorothy pé, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ ní padà wá, ìran náà kò ba àwọn nínú jẹ́. Ikú tirẹ̀ ló ń sọ.

Ó kú lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin 1964. Dorothy gbé apá kan eérú rẹ̀ lọ sí Newagen, ó sì dà á sókun.