Kí A Má Ṣe Gbàgbé Dick Tiger

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń ti ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége wọlé sí Ìfakọ̀-Ìjàyè ní àṣálẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní àárẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ìtàn Dick Tiger yẹ ní sísọ fún wọn, àti fún àwọn olùkọ́ tí ó ń tọ́ àwọn ọmọ wọn. Òun náà ṣe òṣìṣẹ́ rí kí gbogbo ayé tó máa wárí fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni a fẹ́ kí wọ́n rántí.

Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Íbò ni, ará Amaigbo, a sì bí i ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1929. Ní ọjà Aba ni ó ti ń ṣe òwò kéékèèké kí ó tó fi ìjà ẹ̀ṣẹ́ ṣe iṣẹ́. Ní 1955 ó kọjá sí ìlú Liverpool. Ìjà mẹ́rin tí ó kọ́kọ́ jà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti borí rẹ̀. Ní ọ̀sán a wà ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà, ní alẹ́ a máa kọ́ ìjà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tiger kò padà sílé. Ní oṣù kẹta 1958 ó lu Pat McAteer bolẹ̀, ó sì gba oyè gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì láàrin àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju 160 pọ́n-ùn lọ.

Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 1962, ó na Gene Fullmer ní San Francisco, ó sì di ọ̀gá àgbáyé. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní oṣù kejì 1963, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ìjà wọn kẹta ni ó wọ ilẹ̀ Yorùbá wá, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963. Pápá Ìṣeré Liberty ni wọ́n ti jà á, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kọ́ tí a sì ṣí ní 1960. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jà fún oyè àgbáyé ní Nàìjíríà.

Kí àwọn olóṣèlú wa rántí bí nǹkan ti rí nígbà náà. Awólọ́wọ̀ wà níwájú ilé ẹjọ́; ilé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti fọ́ sí méjì; ọjọ́ kan ṣáájú ìjà náà ni a yọ ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára tiwa. Síbẹ̀ ọmọ Íbò ni ó gbé orúkọ Nàìjíríà dúró láàrin ìgboro Ìbàdàn. Lẹ́yìn abala keje, àwọn ará Fullmer ní ó tó.

Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Joey Giardello gba oyè náà lọ́wọ́ Tiger. Ó gbà á padà ní 1965, ó tún pàdánù rẹ̀ fún Emile Griffith ní 1966. Kí ọdún náà tó parí, ó ti bọ́ sáàrin àwọn tí ó wúwo jù ú lọ, ó sì gba oyè àgbáyé tiwọn lọ́wọ́ José Torres. Ẹni ọdún 37 ni nígbà náà.

Ogun sì dé ní 1967. Tiger dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun Biafra. Ní 1969 ó dá àmì ẹ̀yẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi bọlá fún un padà, nítorí pé wọ́n ń ta ohun ìjà fún ìjọba Nàìjíríà. A kò ní kí olúkúlùkù gbà pé ìhà tí ó dúró sí ni ó tọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ni ó mọ bí a ti ń gba oyè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè dá a padà nítorí ẹ̀rí ọkàn kò pọ̀, pàápàá láàrin àwọn tí ń ṣe òṣèlú.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀gá àgbáyé yìí ṣe iṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní New York, kò sì tijú rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni ó mú un níbẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ti tì ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ogun, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ àìsàn rẹ̀, wọ́n ṣí i. Aba ni ó kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 1971, ní ẹni ọdún 42.

Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Ìlẹ̀kùn tí a ṣí fún Tiger nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kú, ìbá dára kí a ṣí i fún ara wa nígbà tí a ṣì wà láàyè. Láti 2010 ni pápá Ìbàdàn ti ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá mú ọmọ dé ibẹ̀, ẹ sọ fún wọn ẹni tí ó jà níbẹ̀ fún gbogbo wa.